Ọpẹ́ Àná

Ẹ fa ìjókòó yín sún mọ́ mi díẹ̀. Ẹni tí kò bá rí àga, kó tẹ́ ẹní. Ẹni tó bá ní nǹkan lórí iná, kó lọ sọ ìkòkò rẹ̀ kalẹ̀ kó padà wá, nítorí n kò mọ ọ̀rọ̀ yìí í sọ ní kíákíá. Ìwé ni mo fi ń sọ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ bí ẹni pé mo jókòó tì yín. Kì í ṣe àlọ́. Ojú mi ló ṣe, ní Àbújá níbí, nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́ ìjọba.

Akọ̀wé ìgbìmọ̀ ni mí nílé aṣòfin kí n tó fẹ̀yìn tì. Bí ilé bá gbé ìgbìmọ̀ kan dìde pé kó lọ wádìí bí iléeṣẹ́ ìjọba kan ṣe ń ṣe, tàbí kó tọpa ìwà ọ̀daràn kan, èmi ni n óò pe ìpàdé, èmi ni n óò kọ lẹ́tà sí ẹni tí wọ́n fẹ́ bi léèrè ọ̀rọ̀, èmi náà ni n óò sì máa sáré kiri wá owó tí ìgbìmọ̀ óò fi ṣiṣẹ́. Àwọn èèyàn rò pé ẹnu lásán ni wọ́n fi ń ṣe ìwádìí. Rárá o. Ìwádìí ń mu epo bíi mọ́tò. Ìwádìí ń sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì, ó ń jẹun. Ó sì ń wá ọlọ́pàá tí yóò sìn ín dé ojú ọ̀nà tí wọ́n ti ń jí èèyàn gbé. Èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún tí mo lò nílé yẹn, ibi tí epo óò ti wá ni mo fi rò.

Ọ̀ràn tí mo fẹ́ sọ, ọ̀ràn àwọn awakọ̀ tipa ni. Ẹ̀yin náà mọ Mpape lórí òkè, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Bí wọ́n bá fi ẹ̀tù fọ́ àpáta lọ́sàn-án, àwo á mì nínú kọ́bọ́ọ̀dù àwọn ọlọ́lá ní Maitama nísàlẹ̀. Àjọ ẹ̀ṣọ́ kan wà nígbà náà, n kò ní dárúkọ rẹ̀, tí ìjọba ní kó máa ṣọ́ àwọn tó ń wa òkúta àti yanrìn láìgbàṣẹ. Nígbà tó yá, ẹ̀ṣọ́ di ohun tó yẹ kí wọ́n máa ṣọ́. Wọn á dá tipa dúró, wọn á gba kọ́kọ́rọ́, wọn á ti awakọ̀ mọ́lé títí àwọn ẹbí rẹ̀ á fi wá rà á padà. Àwọn kan padà wálé. Àwọn kan kò padà.

Ọ̀kan nínú àwọn tí kò padà fi ìyàwó sílẹ̀ ní Mpape. Ọmọ Ọ̀ṣun ni tọkọtaya náà. Ìyàwó ń ránṣọ, ọkọ ń wa tipa. Ọkọ gbé òkúta wẹ́wẹ́ lọ sí Abájí, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé kan, àwọn ẹ̀ṣọ́ sì dá a dúró lọ́nà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló rí ìyàwó rẹ̀ bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ní ọ́fíìsì wọn ní Abájí ni àwọn wà, ó ní yàrá kan tí kò ní fèrèsé lẹ́yìn ilé ni wọ́n kó àwọn sí, ó sì dárúkọ ẹni tó mú un. Lẹ́yìn ìyẹn, fóònù kú. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé Abájí, wọ́n ní àwọn kò rí ẹni tó jọ bẹ́ẹ̀ rí.

Obìnrin náà wá bá mi ní ọ́fíìsì, òun àti ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó fi híjáàbù bo ara dé ìgbọ̀nwọ́, abẹ́rẹ́ kan sì wà lára aṣọ rẹ̀ láyà tó gbàgbé láti yọ. Mo ní kó jókòó, kò jókòó.

"Màmá," ó ní, "ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n sọ fún mi ohun tí mo jẹ́. Ṣé ìyàwó ni mí ni, àbí opó?"

Kò yé mi lójú ẹsẹ̀. Kìrìsítẹ́nì ni èmi. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ló là á yé mi: bí ọkọ Mùsùlùmí bá kú, ìyàwó óò jókòó opó oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, kò ní lo ọ̀ṣọ́, kò ní jáde kiri. Ṣùgbọ́n àfáà ti sọ fún un pé kò lè jókòó opó ẹni tí kò sí òkú rẹ̀, tí kò sì sí ẹni tó jẹ́rìí ikú rẹ̀. Nítorí náà kò lè ṣọ̀fọ̀, kò sì lè bọ́ lọ́wọ́ ọ̀fọ̀. Ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń rán aṣọ ìgbéyàwó àwọn ẹlòmíràn.

Mo mú wọn wọlé tọ alága ìgbìmọ̀ tí ilé gbé dìde lórí ọ̀ràn náà lọ, a sì ti ìlẹ̀kùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú èèyàn tí alága jẹ́, nítorí ìwà rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí óò dá lé. Yorùbá bíi tiwa ni. Ìyá àgbà ló tọ́ ọ, ó sì hàn lára rẹ̀. Ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, kò sì jẹ́ kí n gbé fáìlì wúwo rí. Ó ń kí àwọn tó ń gbálẹ̀ kọ́rídọ̀, ó ń bi wọ́n léèrè ọmọ. Bí o bá fún un lómi mu lónìí, bí ilẹ̀ bá mọ́, yóò kí ọ kú àná. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ wa nílé: ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ọpẹ́ ojú ẹsẹ̀ kò tó. Ọpẹ́ gidi, ti ọjọ́ kejì ni. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá mi a máa jí wa ní ìdájí pé ká lọ kí ẹni tó fún wa níṣu lánàá kí ẹni náà tó lọ sóko. Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ alága bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Alága bi obìnrin náà pé, "Ẹ mọ orúkọ ẹni tó mú ọkọ yín?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà."

"Ẹ sọ ọ́, kí Màmá kọ ọ́ sílẹ̀."

Obìnrin náà wo ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ó wo ilẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Bí mo bá dárúkọ ẹ̀ lónìí, ilẹ̀ ò ní mọ́ kí wọ́n tó tún yàrá yẹn ṣe. Ẹ lọ wò ó ná. Ẹ má sọ fún wọn pé ẹ ń bọ̀. Ẹ lọ bá wọn bí wọ́n ṣe wà. Ọjọ́ tí ẹ bá ti fojú ara yín rí i, mo máa wá síwájú yín, mo máa fi Kùránì búra, mo máa pe orúkọ ẹ̀ lójú gbogbo ayé. Òun ló mọ ibi tí ọkọ mi wà. Bóyá lókè ilẹ̀ ni o, bóyá nísàlẹ̀ ilẹ̀ ni o, òun ló mọ̀."

"Ẹ̀rù ò bà yín?"

"Ìbẹ̀rù ti sú mi, sà."

Alága dìde. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n náà mú. "A óò lọ," ó ní. "A ò ní sọ fún wọn." Ó sì fẹ́ bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Mo wà níbẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó. Owó ìwádìí wà nínú ìṣúná ọdún náà, ilé ti fọwọ́ sí i, ààrẹ ti fọwọ́ sí i. Mo kọ lẹ́tà. Lẹ́tà náà lọ sí ọ́fíìsì kan, wọ́n kọ nǹkan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí òmíràn. Mo ń lẹ̀ mọ́ ọn kiri bí ìyá tó ń sin ọmọ lọ síléèwé. Nígbà tó pẹ́, mo lọ bá ọ̀gá tó ń rí sí owó.

Ó rẹ́rìn-ín bó ti rí mi. "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Owó yín ti jáde."

"Ó jáde lọ síbo?"

"Ó jáde lórí ìwé."

"Èyí tó jáde lórí ìwé yẹn, ṣé ìwé náà la óò rọ sínú tánkì?"

"Háà, Màmá yìí! Ẹnu yín ò dáa." Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ nígbà náà pé mò ń fi ọjọ́ ṣòfò.

Bọ́ọ̀sì ìgbìmọ̀ wà níbi ìgbọ́kọ̀sí, kò ní táyà, ewé dóńgóyárò ń bọ́ lé e lórí. Mo ní ká gbé Kòrólà tèmi. Alága ní ọ̀nà Abájí kò ṣeé gbà láìsí ọlọ́pàá, òótọ́ sì ni, wọ́n ń kó èèyàn lọ́nà yẹn lójoojúmọ́. Mo kọ lẹ́tà sí ọlọ́pàá. Wọ́n dáhùn pé àwọn óò sìn wá, ṣùgbọ́n ká rọ epo sí ọkọ̀ àwọn, ká sì wá oúnjẹ fún àwọn ọmọọṣẹ́ àwọn. Mo tún so lẹ́tà náà mọ́ ti owó, mo tún kó méjèèjì kiri. Ibi tí ọgbọ́n mi pin sí nìyí: lẹ́tà tí mo fi ń tọrọ epo, ó ní láti sọ ibi tí epo náà ń lọ. Abájí wà nínú rẹ̀ gbangba. Lẹ́tà tó bá ti gba ọwọ́ gbogbo ọ́fíìsì kọjá, kì í ṣe àṣírí mọ́. A kò rówó, àwọn ẹni tí a fẹ́ lọ ká mọ́lé sì ti gbọ́ pé a ń bọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ àjọ náà. Ìwé tó nípọn, àmì àjọ aláwọ̀ mèremère lórí rẹ̀. Wọ́n ní inú àwọn dùn pé ìgbìmọ̀ fẹ́ bẹ̀ wọ́n wò. Wọ́n ní àwọn óò pèsè mọ́tò, ẹ̀ṣọ́ àti ìtọ́jú gbogbo, kí ìgbìmọ̀ kàn mú ọjọ́.

Alága kà á tán, ó gbé e fún mi. "Màmá, kí lẹ rí sí i?"

"Ẹ jẹ́ ká dúró de tiwa, sà."

"Títí di ìgbà wo? Ilé fẹ́ tú. Bí ilé bá tú, ìgbìmọ̀ tú nìyẹn, obìnrin yẹn á sì padà sí Mpape lọ máa wo ọ̀nà. Ó sàn ká fi mọ́tò wọn dé ibẹ̀ ju ká má dé ibẹ̀ rárá lọ."

"Ẹnu ló ń jẹ, ojú ló ń tì, sà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Olóṣèlú ni mí, Màmá. Ojú tèmi ò mọ ìtìjú."

Mo jókòó, mo kọ lẹ́tà ìdáhùn, mo mú ọjọ́. Kí ni n óò sọ? Òtítọ́ ni pé ilé fẹ́ tú.

Jíìpù dúdú ni wọ́n fi wá gbé wa, afẹ́fẹ́ tútù nínú rẹ̀, omi inú ike níwájú ìjókòó kọ̀ọ̀kan. A kọjá Gwagwalada, a kọjá Kwali, a bẹ̀rẹ̀ sí í rí ebè iṣu lọ́tùn-ún lósì. Ọ̀gá àjọ fúnra rẹ̀ ló dúró dè wá ní Abájí. Ọmọ Okun ni, láti ìhà Kàbà, ó sì ń fi èdè wọn dá àpárá tó mú wa rẹ́rìn-ín. Òun ló ṣílẹ̀kùn fún mi. "Ẹ kú ìrìn, Màmá," ó ní, ó tẹrí ba. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kò burú lójú. Bó bá jẹ́ ẹni tí ìkà hàn lójú rẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá rọrùn.

Wọ́n ti kun ilé náà lọ́dà. Ọ̀dà náà tutù débi pé ó lẹ̀ mọ́ apá bùbá mi nígbà tí mo fara kan ògiri. Wọ́n mú wa káàkiri: ibi ìkọ̀wé, ibi ìkóǹkan-sí, ibi ìgbọ̀nsẹ̀. Alága ní kí wọ́n mú òun lọ sẹ́yìn ilé. Yàrá náà wà níbẹ̀, bí ọkọ obìnrin náà ṣe sọ ọ́, kò ní fèrèsé. Wọ́n ṣílẹ̀kùn. Tábìlì tẹ́níìsì tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù kékeré ló wà nínú rẹ̀, tuntun, nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà lórí rẹ̀.

"Ibi ìdárayá àwọn òṣìṣẹ́ wa nìyí," ọ̀gá àjọ wí.

Tábìlì náà kún yàrá yẹn láti ògiri dé ògiri. Kò sí ibi tí ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù lè dúró sí. Ìgbìmọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, à ń wò ó. Alága na ọwọ́, ó fọwọ́ kan ògiri, ó gbóòórùn ìka rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé oúnjẹ wá. Iyán iṣu tuntun ni, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí àti ẹran ìgbẹ́. Oòrùn ti pọ̀, ebi ti ń pa wá láti òwúrọ̀, a kò sì mú oúnjẹ kankan wá nítorí a kò rówó ra oúnjẹ. Gbogbo wa la wẹwọ́.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, alága sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ sí mi létí kí awakọ̀ má gbọ́. "Màmá, ẹ rí tábìlì yẹn?"

"Mo rí i, sà."

"Lọ́la, òun ni n óò fi bẹ̀rẹ̀. N óò ní kó sọ fún mi ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ àti ibi tí ó ń dúró sí. Lẹ́yìn náà kí obìnrin wa dìde, kó dárúkọ. Ọkùnrin yẹn ò ní rọ́nà àbáyọ." Ojú rẹ̀ ń dán. Mo gbàgbọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí.

Ilẹ̀ mọ́. Gbọ̀ngàn kún. Àwọn akọ̀ròyìn wà níbẹ̀, àwọn awakọ̀ tipa jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú eruku òkúta lára bàtà wọn. Obìnrin náà jókòó níwájú, Kùránì wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ wà lápá ọ̀tún. Kò sẹ́ni tó tíì sọ fún wọn bí a ṣe lọ. Ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu mi kò ju pé ìgbìmọ̀ ti dé Abájí lọ. Ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ti tan màíkì alága, ó ń dán an wò.

Ọ̀gá àjọ wọlé pẹ̀lú lọ́yà rẹ̀. Ó dé iwájú tábìlì ìgbìmọ̀, ó tẹrí ba. Alága gbójú sókè, ó rí i. Ẹ̀rín ọmọlúàbí bọ́ sí i lójú.

"Ẹ káàárọ̀ o, ọ̀gá. Ẹ ṣé lánàá o. Ẹ ṣé gan-an ni."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kò tọ́pẹ́. Ṣé ẹ délé láyọ̀?"

"A délé o. Àwọn awakọ̀ yín rọra gbé wa. Iyán yẹn ńkọ́! Ọlọ́run á máa pèsè."

"Àmín o, sà."

Gbogbo rẹ̀ gba inú màíkì jáde, ó kún gbọ̀ngàn. Àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá kò mọ nǹkan kan. Akọ̀ròyìn kan fọwọ́ tọ́ mi, ó fẹ́ mọ ohun tí wọ́n sọ, ó ní, "Mummy, wetin dem talk?" Mo ní ìkíni ni. Ìkíni náà sì ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo rí àwọn awakọ̀ tipa lẹ́yìn, ọ̀pọ̀ wọn ọmọ Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun, wọ́n ń wo ara wọn. Mo rí ẹ̀gbọ́n ọkọ tó dijú. Obìnrin náà kò mira. Ó kàn gbé Kùránì kúrò lórí ẹsẹ̀, ó fi aṣọ wé e dáadáa, ó tì í bọ inú báàgì.

Wọ́n pè é. Ó dìde, kò bọ́ síwájú.

"Ẹ wá búra, màdáàmù," alága wí.

"Mi ò ní búra, sà."

"Kí ló dé?"

"Mi ò ní nǹkan tí mo fẹ́ sọ mọ́."

"Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé ẹ mọ orúkọ ẹni náà."

"Mo ti gbàgbé ẹ̀, sà."

Ara alága gbóná. Ó wo ọ̀gá àjọ, ó wo lọ́yà, ó padà wo obìnrin náà. "Ṣé wọ́n halẹ̀ mọ́ yín ni? Ta ló bá yín sọ̀rọ̀? Ẹ má bẹ̀rù, ẹ tọ́ka sí i."

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Èmi? Kí ni mo wí?"

"Ẹ ò wí nǹkan burúkú kankan, sà. Ọ̀rọ̀ ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa lẹ sọ. Ẹ dúpẹ́ àná." Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Ẹni tó bá dúpẹ́ àná, ó ti gbà pé àná dáa. Ọkọ mi wà nínú àná yẹn, sà."

Alága fi ọwọ́ bo màíkì. Ó ti pẹ́ jù. Mo ti ń bá àwọn aṣòfin ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí irun mi dúdú, n kò rí èyí tí ìtìjú mú bẹ́ẹ̀ rí, òun tó sọ fún mi pé ojú òun kò mọ ìtìjú. Òfin fún un lágbára láti fi túláàsì mú ẹlẹ́rìí sọ̀rọ̀. Lọ́yà ilé rán an létí, ó mi orí. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó máa lọ."

Mo tẹ̀ lé wọn jáde sí kọ́rídọ̀. Mo pè é, ó dúró.

"Ẹ padà wá, ẹ jọ̀ọ́," mo ní. "Alága ń wá ire yín. Ìkíni lásán ni."

"Mo mọ̀, Màmá. Mo mọ̀ pé ó ń wá ire mi." Ó ń wo apá bùbá mi, tí ọ̀dà Abájí ṣì wà lára rẹ̀: bùbá àná náà ni mo tún wọ̀. "Ẹ̀yin náà jẹ níbẹ̀?"

"Mo jẹ."

"Ẹ ṣé tí ẹ ò purọ́."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ló dá sí i. "Ẹran kí ni wọ́n fi sè é fún yín, Màmá? Adìẹ ni àbí màlúù?"

"Ẹran ìgbẹ́ ni."

"Háà! Wọ́n mọ àlejò í ṣe o! Àbúrò tèmi náà ṣe àlejò wọn, a ò tíì gbọ́ ohun tí wọ́n fún un jẹ."

"Ẹ̀gbọ́n, ó tó," obìnrin náà sọ. Ó yíjú sí mi. "Màmá, ẹ gbọ́ mi yé. Bí mo bá pe orúkọ ọkùnrin yẹn nínú ilé yín lónìí, ta ló máa bá mi mú un? Mọ́tò ta ni wọ́n máa fi lọ mú un? Ṣé kí àwọn kan náà tún rọra gbé yín lọ ni? Àwọn ọmọ mi ń lọ síléèwé ní Mpape. Gbogbo ayé mọ ibi tí mo ń gbé." Kò sunkún. Ó ní, "Ẹ máa wọlé lọ. Wọ́n ń retí yín."

Mo padà wọlé. Alága béèrè ọ̀rọ̀ tábìlì lóòótọ́. Ọ̀gá àjọ dáhùn pé ìdárayá dára fún ara, àwọn èèyàn sì rẹ́rìn-ín. Kò tún béèrè òmíràn. Nígbà tí gbogbo èèyàn lọ tán, ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó ní, "Màmá, ṣé kí n má ti kí i ni? Kí n wo ojú ẹni tó bọ́ mi lánàá, kí n ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n?" Ó béèrè rẹ̀ bí ọmọdé. Láti ọjọ́ náà títí di òní, mo ti wá ìdáhùn ìbéèrè yẹn títí. Ohun kan ṣoṣo tí mo rí ni pé ìdáhùn rẹ̀ kò sí nínú ẹnu alága. Inú tánkì epo ló wà. Bó bá jẹ́ pé epo tiwa la rọ, tí a sì gbé gààrí tiwa dání, kì bá tí sí ohun kankan tí à ń dúpẹ́ fún.

Ilé tú. Ìgbìmọ̀ tú pẹ̀lú rẹ̀. Ó pẹ́ lẹ́yìn náà kí ọ̀gá tó ń rí sí owó tó pè mí, inú rẹ̀ dùn: "Màmá, owó yín ti jáde o, èyí gidi!" Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kó dá a padà, kò sí ìgbìmọ̀ mọ́.

Mo lọ kí obìnrin náà ní Mpape lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì. Ó ń rán aṣọ. Ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà gbé omi fún mi, ó gbọ́ gbogbo Yorùbá tí mo ń sọ, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá mi lóhùn. Ìyá rẹ̀ sọ fún mi pé àwọn àgbà ìdílé méjèèjì ti pàdé pẹ̀lú àwọn àfáà. Ìrètí ti pẹ́ tó. Wọ́n ti gbà pé ọkọ rẹ̀ ti kú. Wọ́n kírun òkú fún un, láìsí òkú níwájú wọn, wọ́n sì ní kó wọ ilé lọ jókòó. Ó jókòó opó rẹ̀ pé. "Mo ti mọ ohun tí mo jẹ́ báyìí, Màmá," ó ní. "Ẹnu ni wọ́n fi pa á fún mi. Ìyẹn náà ṣì sàn díẹ̀." Àpáta dún lókè. Ó dúró kí ariwo rẹ̀ kọjá, kó tó tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ padà.

Bí wọ́n ṣe pín ogún ọkùnrin náà nìyí. Ilé tó ń kọ́ lọ́wọ́ nílé ní Ọ̀ṣun, tí kò tíì ní òrùlé, àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin méjèèjì ló ni ín pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ni yóò sì máa bójú tó o. Agbádá rẹ̀ kan ṣoṣo lọ sọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀. Àwọn ẹbí kan ní kí àbúrò ọkọ ṣú ìyàwó náà lópó gẹ́gẹ́ bí ti àtijọ́, ìyàwó ní kí wọ́n má dá a lábàá mọ́, wọn kò sì dá a lábàá mọ́. Ọ̀gá àjọ fẹ̀yìn tì pẹ̀lú ayẹyẹ, igbákejì rẹ̀ jogún àga rẹ̀ àti àwọn jíìpù. Alága kò padà sílé aṣòfin. Ẹlòmíràn láti àdúgbò rẹ̀ ló wà níbẹ̀ báyìí. Ó kù bàtà ọkọ obìnrin náà, bàtà aláwọ, ńlá, tí gbogbo ọkùnrin ìdílé wọ̀ wò, tí kò bá ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni mu. Ìyàwó rẹ̀ ló kó o. Ó gbé e sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ ní Mpape, ó ń nù ún ní àràárọ̀, kí ẹni tó bá ń kọjá lè rò pé ọkùnrin wà nínú ilé.